Líle Irin Kọ́ Ni Agbára Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí irin bá ti le tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ajórin kan ní Okota bá tẹ wáyà irin síwá sẹ́yìn, ojú ibi tí ó ń tẹ̀ yóò kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà yóò dá. Bí ó bá mú un gbóná nínú iná kí ó tó dá, tí ó sì jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀, yóò tún rọ̀.

Bákan náà ni ó rí nínú ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù. Nàìjíríà ní kékeré kan fún ìwádìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, láti 2004. Àwọn ńláńlá tí ń pèsè iná mànàmáná wà lókè òkun. Nínú àwọn ńlá wọ̀nyí, nútírọ́ọ̀nù, tí James Chadwick ṣàwárí ní 1932, ni ó ń ṣe bí òòlù. Àwọn átọ́ọ̀mù inú àdàlù irin tò ní ìlà-ìlà. Bí a bá tẹ irin, ìlà kan a yọ̀ lórí èkejì. Nútírọ́ọ̀nù a lé átọ́ọ̀mù kúrò ní ipò rẹ̀; àyè rẹ̀ a ṣófo, òun náà a sì há sáàárín àwọn mìíràn. Ìdíwọ́ wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ìlà yọ̀ dáadáa mọ́. Irin náà a le sí i, ṣùgbọ́n ó lè sán lójijì, kí oró inú ẹ̀rọ sì tú jáde.

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Soviet mú ìkòkò irin ẹ̀rọ wọn gbóná kọjá 400°C fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù padà sí ipò wọn, irin náà sì tún gba títẹ̀. Ọgbọ́n iná tí alágbẹ̀dẹ ti ń lò láti ayébáyé ni wọ́n fi wo ẹ̀rọ náà sàn.