Kọ́kọ́ Wá Ìjókòó, Kí O Tó Dá Ọjọ́

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọ́dọ̀ dé etí ìyá ọkọ rẹ o. Ìgbéyàwó kì í ṣe tìẹ nìkan. Bàbá rẹ ní ọjọ́ tó wù ú, pásítọ̀ ní ọjọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tó ni gbọ̀ngàn ní Sátidé kan ṣoṣo tó ṣófo, àwọn ẹgbẹ́ ìyá rẹ sì ti ń béèrè iye tí aṣọ ẹbí jẹ́. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Họ́nímúùnù ni ti ìwọ àti ọkọ rẹ. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Sátidé ìgbéyàwó ni kẹ́ ẹ wọ bàálù. Ẹni tó bá fẹ́ fi máìlì, ìyẹn póńtì tí iléeṣẹ́ bàálù ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀, rìnrìn àjò, ìjókòó ló kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà ló ń dá ọjọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kì í ṣe gbogbo ìjókòó inú bàálù ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi máìlì sanwó. British Airways, tó ń pe máìlì tirẹ̀ ní Avios, máa ń ya ìwọ̀nba ìjókòó sọ́tọ̀, á sì ṣí wọn sílẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 355 ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń jí lóru nítorí rẹ̀. Ti Flying Blue, ètò máìlì Air France àti KLM, yàtọ̀: iye tí wọ́n ń béèrè ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí ọjà bá ṣe rí. Ìjókòó tó gbówó lórí lọ́jọ́ Ẹtì lè wálẹ̀ gan-an lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lóṣooṣù ni wọ́n tún ń gbé ẹ̀dínwó jáde fún àwọn ìlú kan, Promo Rewards ni wọ́n ń pè é. O ò lè mọ ìlú tí wọ́n máa mú, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ rẹ bá ṣeé sún síwá sẹ́yìn, ó lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ẹni tó ti so ọjọ́ mọ́lẹ̀ ò lè jẹ nínú rẹ̀.

Wo Èkó ní oṣù Kejìlá. Bí oṣù náà bá ti ń dé ìdajì, àwọn ará Lọ́ńdọ̀n, Houston àti Toronto á máa ya wọlé, bàálù tó ń bọ̀ á kún fọ́fọ́. Bàálù yẹn náà ló ń padà, ààyè sì máa ń wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ọ̀rọ̀ yí bírí: gbogbo IJGB, àwọn tó ti òkè òkun wá yẹn, ń sáré padà sẹ́nu iṣẹ́, ìjókòó máìlì tó ń kúrò ní Ìkẹjà á sì di àwátì. Nítorí náà, bí ìgbéyàwó bá bọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, ẹ gbéra lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bó bá kángun sí Kérésì, ẹ jókòó sílé yín, ẹ jẹ ẹran inú fírísà tán, ẹ dúró di ìparí oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì. Nígbà yẹn, owó hòtẹ́ẹ̀lì pàápàá á ti wálẹ̀.

O ní òtútù lo fẹ́ rí, sínóò gidi, kì í ṣe òjò wínníwínní Lọ́ńdọ̀n. Ó dáa, Rovaniemi ní àríwá Finland ni màá rán ọ lọ. Gbogbo ayé ló mọ ibẹ̀ sí ìlú Bàbá Kérésì, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó o lọ ní Kérésì. Àwọn ẹbí tó kó ọmọ wá ló kún ibẹ̀ nígbà náà, owó yàrá á sì fò sókè. Oòrùn ńkọ́? Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ó máa ń yọ fún bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ilẹ̀ á tún ti ṣú. Bó bá fi máa di ìparí oṣù Kejì, ojúmọ́ ti gùn ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ, sínóò ṣì bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ajá ṣì ń fa ọmọlanke orí yìnyín, òru sì ṣì gùn tó láti wo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú sánmà. Láti ìparí oṣù Kẹjọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀ yẹn, bí kò bá ti sí ìkùukùu. Má lọ fún òru méjì péré. Ìkùukùu lè bo méjèèjì, wàá sì kàn ra fìlà wálé ni.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kò pọn dandan kí máìlì gbé yín dé Rovaniemi. Ẹ jẹ́ kó gbé yín dé Helsinki. Ọkọ̀ ojú irin alẹ́ wà níbẹ̀ tó ń lọ sí Rovaniemi, ó máa ń gbà tó wákàtí méjìlá. Yàrá oníbùsùn méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn yàrá tó wà ní àjà òkè ọkọ̀ náà sì ní balùwẹ̀ tiwọn nínú. Ẹ ó sùn, igi tó ru sínóò lórí á máa kọjá lójú fèrèsé, ilẹ̀ á mọ́ bá yín ní àríwá. Mi ò mọ ìyàwó ọ̀ṣìngín tí inú ẹ̀ ò ní dùn sí ìyẹn. Owó hòtẹ́ẹ̀lì òru kan náà sì ti dín kù nìyẹn.

Ó kù kí máìlì pé. Má bẹ̀rẹ̀ sí í ká tìẹ nìkan, wo agbo ilé yín. Àǹtí tó ń lọ ra ọjà ní Dubai, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tí iléeṣẹ́ ń rán kiri, bàbá tó ń lọ kí àwọn ọmọ-ọmọ lókè òkun lọ́dọọdún: ọ̀pọ̀ wọn ní máìlì tí wọn ò rántí. Máìlì a sì máa kú. Ti Flying Blue ń kú bí ọdún méjì bá kọjá láìsí ìrìn àjò tàbí ohun mìíràn tí wọ́n kà kún un, Avios ti British Airways lẹ́yìn oṣù 36 tí wọn ò bá fọwọ́ kàn án rárá, Skywards ti Emirates ní ọdún mẹ́ta, nígbà tí oṣù ìbí ẹni tó ni ín bá parí. Dípò tí ẹnì kan á fi gbé kúlà kẹ́rìndínlógún wá síbi ìgbéyàwó, bẹ̀ ẹ́ kó fi máìlì ta yín lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fi máìlì ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ o, torí wọ́n ń gbowó lórí ìyẹn, owó náà kì í sì í kéré. Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún yín tààrà nínú àkáǹtì tirẹ̀. Ètò ìdílé náà tún wà: Emirates àti Flying Blue ń jẹ́ kí àwọn ará ilé kó máìlì wọn jọ sójú kan. Ẹni tó bá ní òun ń ta máìlì lórí WhatsApp, sá fún un. Òfin àwọn iléeṣẹ́ bàálù kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn, tíkẹ́ẹ̀tì yín ni wọ́n máa fagi lé, ó sì lè jẹ́ pé orí ìlà ní Ìkẹjà lẹ ti máa gbọ́.

Máìlì kì í sanwó orí. Ibi tí inú ti ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí, wọ́n rò pé ọ̀fẹ́ ni. Jókòó, kó o ṣe ìṣirò. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ ẹnì kan jẹ́ dọ́là 900. Ká ní wọ́n béèrè máìlì 50,000 pẹ̀lú dọ́là 350 owó orí àti owó àfikún. Dọ́là 550 ni máìlì náà gbà là fún ọ, ìyẹn ni pé máìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ǹtì kan àti díẹ̀. Ìyẹn bójú mu. Bí owó orí náà bá wá di 600, dọ́là 300 péré lo jèrè. Fi owó ra tíkẹ́ẹ̀tì, jẹ́ kí máìlì rẹ sinmi. Ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì ni máìlì ti ń níyì jù, torí owó rẹ̀ máa ń fò sókè ju bí máìlì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i lọ. Bí tiyín ò bá tó fún bísínẹ́ẹ̀sì ní àlọ àtàbọ̀, àlọ ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Òru ni bàálù Air France àti KLM máa ń gbéra l'Ékòó, ẹ ó na ẹsẹ̀ tó ti jó láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀sán lẹ ó fi padà, ẹ lè jókòó bí gbogbo èèyàn.

Wàyí o, orúkọ. Gbọ́ èyí dáadáa. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ lọ́jọ́ tó o máa wọ bàálù ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, lórí físà, àti nínú àkáǹtì máìlì. Bí o bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ bàbá rẹ ní oṣù Kẹta, tí o wá sáré lọ pààrọ̀ pásípọ́ọ̀tù sí orúkọ ọkọ ní oṣù Kejìlá, o ti kó ara rẹ sí wàhálà. Tíkẹ́ẹ̀tì máìlì kì í ṣeé yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti ẹlòmíràn wẹ́rẹ́. Lo orúkọ ilé bàbá rẹ fún ìrìn àjò yìí, kó o mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó dání. Ọkọ rẹ ò ní bínú. Bó bá bínú, sọ fún un pé èmi ni mo ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀.

Físà Schengen: ẹ lè gbé ìwé yín lọ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lọ. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ àwọn tó ń gba ìwé. Ẹ nílò ìwé ìbánigbófò tó kájú Yúrò 30,000, ó kéré tán. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti sùn jù lẹ máa béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ibi tí bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Bí ẹ bá tilẹ̀ balẹ̀ sí Amsterdam, Finland ni físà yín. Bí ẹ bá gba Heathrow kọjá, ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà àkọjá, kódà bí kò bá jáde kúrò nínú pápákọ̀, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ní Paris tàbí Amsterdam ló dáa fún yín. Ibi tí máìlì tún ti ju owó lọ nìyí: tíkẹ́ẹ̀tì máìlì ṣeé dá padà níbi púpọ̀, wọ́n á yọ owó díẹ̀, wọ́n á dá máìlì rẹ padà. Bí ilé físà bá ní rárá, kò ní dùn ọ́ tó ti ẹni tó kó náírà sílẹ̀. Ka òfin ìdápadà náà kó o tó tẹ bọ́tìnnì.

Aṣọ òtútù, má lọ rà á ní Rovaniemi, owó ibẹ̀ á dẹ́rù bà ọ́. Lọ sí ọjà Katangua. Kóòtù òkìrìkà tó nípọn pọ̀ níbẹ̀, torí ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ l'Ékòó? Fa síìpù rẹ̀ lọ sókè sódò, yẹ ìdí àpò wò, fi imú gbọ́ òórùn abẹ́ apá, kó o tó ná an. Aṣọ tó sún mọ́ ara ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe kóòtù: ra ti onírun àgùntàn tàbí ti pọ́líẹ́sítà, má wọ olówùú sábẹ́, torí bí òógùn bá mu ún, á tutù mọ́ ọ lára. Òtútù Rovaniemi lè já dé ìdíwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo. Àwọn tó ń gbé àlejò lọ wo ajá àti àgbọ̀nrín máa ń yá èèyàn ní aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àti bàtà, ó sábà máa ń wà nínú owó tí ẹ san, béèrè kó o tó ra tìẹ. Di irun rẹ kó o tó lọ, kí fìlà lè bò ó. Mú òrí dání fún ojú àti ètè. Fi fóònù sínú àpò àyà, torí òtútù máa ń pa bátìrì.

Ní alẹ́ òní, kó tó di pé ẹ jókòó ti àwọn àgbà nítorí ọjọ́, ìwọ àti ọkọ rẹ ẹ ṣí àkáǹtì máìlì, kí ẹ wá ìjókòó méjì sí Helsinki fún ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kejì. Bí ẹ bá rí i, ẹ mú un. Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.