Bí Àpáta Ìdànrè Ṣe Ń Bomi Rin Kòkó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò. Bí òjò bá rọ̀ sí ilẹ̀ oko, ilẹ̀ á fà á mu. Bó bá rọ̀ sórí àpáta ńkọ́? Kò ríbi wọ̀; ṣe ni yóò máa ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ṣé ìyẹn yé yín? Ẹ dì í mú ṣinṣin.

Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Irú òkè tó wà níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní inselberg. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àpáta adádúró. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti dì, kí òjò àti oòrùn tó fi àìmọye ọdún ṣí ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò. Èyí tó ń rún kúrò lára rẹ̀ ń kó jọ sẹ́sẹ̀ òkè, ó ń di ilẹ̀ oko. Bí ẹ bá ń bi ara yín pé kí ló kan kòkó nínú èyí, a ti dé ibẹ̀.

Kòkó kò fẹ́ ọ̀dá. Ó fẹ́ òjò bíi 1,500 mìlímítà lọ́dún, ìyà sì ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ju oṣù mẹ́ta lọ. Omi tí àpáta kọ̀ ni ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè ń gbà kún òjò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀gbàrá ni yóò dà. Igbó ló ń dá a dúró: ewé ń gba ẹ̀kán òjò, gbòǹgbò ń di ilẹ̀ mú, ewé gbígbẹ sì ń fa omi mu. Ó dùn mí pé à ń gé igbó yìí nítorí gẹdú àti oko kòkó tuntun. Àgbẹ̀ tó gé e, omi oko ara rẹ̀ ló gé. Ṣé a ṣì jọ wà?

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tó ń wá wo òkè náà. Orí òkè ni ìlú àtijọ́ wà, ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, sì wà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n ń gùn débẹ̀. Ní 2007, Nàìjíríà fi ibẹ̀ sórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó ń dábàá fún UNESCO láti kà mọ́ Ogún Àgbáyé.

Bí ẹ bá gùn ún, ẹ wo àwọn ilà dúdú lára àpáta: ojú ọ̀nà omi ni wọ́n. Ẹ fi ojú tọ ọ̀kan dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ni oko ibẹ̀ bí kòkó rẹ̀ ṣe ń ṣe ní oṣù kejì ọdún, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn.