Ta Ni A Ó Fi Aláìsàn Ọkàn Lé Lọ́wọ́?

Ibi kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1–21, Máàkù 5:1–20



Ní Ayọ̀bọ̀ níhìn-ín, bí ọmọ ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tàbí tí ìyá ọmọ tuntun kò fẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́ tí olùdámọ̀ràn fi ń pọ̀. Ọ̀kan á ní kí a gbé e lọ sórí òkè àdúrà, èkejì á ní ilé adáhunṣe, ẹ̀kẹta á ní kí a tì í mọ́ yàrá kí aládùúgbò má baà gbọ́. Ọrùn ìyá ni ẹrù náà sì ń wọ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ olùtọ́jú tí ó ní àánú?

Ẹ wo Èlíjà ná. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun orí òkè Kámẹ́lì, ó sá fún Jésébẹ́lì, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, ó dá nìkan wọ aginjù, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Wòlíì Ọlọ́run ni o! Áńgẹ́lì tí ó wá kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó jẹ́ kí ó tún sùn, ó sì tún fún un ní oúnjẹ. Ẹ̀yìn èyí ni Olúwa tó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe, lẹ́ẹ̀mejì, Ó sì jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Níkẹyìn, Ó fún un ní Èlíṣà. Ní ti ọkùnrin inú Máàkù, àwọn ará ìlú ti fi ẹ̀wọ̀n dè é títí, kò ràn án lọ́wọ́. Jésù béèrè orúkọ. Nígbà tí ara rẹ̀ dá, Ó rán an padà sílé sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Irú ọ̀nà yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò tọ̀. Nígbà tí ó dé Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954, wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Ó bẹ àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Ẹbí kan, ó kéré tán, ní láti bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa fọ aṣọ rẹ̀. Wọn á lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà, wọn á padà sí abúlé, wọn á bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó tilẹ̀ pe àwọn adáhunṣe mọ́ra nítorí pé wọ́n mọ àṣà àwọn ènìyàn. A mọ̀ pé apá yìí kò ní tẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́rùn. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ ti ṣe àpérò àkọ́kọ́ fún gbogbo Áfíríkà.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì náà kò gbẹ́yìn. Ní nǹkan bí 1990, Ros Colwill, òṣìṣẹ́ míṣọ̀n Mẹ́tọ́díìsì láti Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ Amaudo ní Itumbauzo, Ìpínlẹ̀ Abia, fún àwọn aláìsàn ọpọlọ tí ń rìn kiri ìgboro. Wọ́n fún wọn ní ilé, oògùn àti iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì wá ẹbí wọn kàn.

Ìtìjú ni pé ní 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn pé a ṣì ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn ní ilẹ̀ wa, ní ilé ìwòsàn, nílé adáhunṣe, ní ibùdó Mùsùlùmí àti ti Kristẹni pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ la ojú yín. Olùtọ́jú tí ó ní àánú máa ń bá aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan. Ó ń jẹ́ kí ẹbí wọlé wò ó. Kì í sọ pé ìyá-ìyá rẹ̀ ni àjẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí a da oògùn dókítà nù, tàbí kí ẹni tí kò lè jẹun gbààwẹ̀ dandan, ẹ rántí oúnjẹ Èlíjà, kí ẹ sì gbé ènìyàn yín kúrò níbẹ̀. Àdúrà kò bá oògùn jà.

Ilé ìwòsàn Yaba ti wà láti 1907. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà ní Ọ̀ṣòdì, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé, kò jìnnà sí wa bí a bá gba Ìyànà Ìpájà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó rọ́pò òfin 1958, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè.

Kí ìpàdé tó túká, ẹ jíròrò èyí: ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí ó lè bá ìyá kan lọ sí Yaba láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ìjọ? Nígbà tí aláìsàn bá sì ti ibẹ̀ dé, ta ni yóò gbé oúnjẹ lọ sílé rẹ̀, tí yóò sì jókòó tì í?