Ẹ Béèrè Ohun tí Mọ́tò Yóò Máa Gbà Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, mò ń gbọ́ àríyànjiyàn yín lórí Volkswagen Ìjàpá àti Peugeot 504. Inú mi dùn pé ẹ ò jẹ́ kí orúkọ wọn parẹ́. Ṣùgbọ́n eré sísá nìkan lẹ fi ń díwọ̀n wọn, ìyẹn kò sì tó.

Bó bá ṣe ti eré ni, ẹjọ́ náà kò gùn. 504 onílítà méjì ti ọdún 1971 ní agbára ẹṣin bíi 93, ó sì lè sá ju kìlómítà 160 lọ ní wákàtí kan. Ìjàpá 1300 ti ọdún kan náà ní 44. Bó bá ti sá dé 125, ó parí. Lóòótọ́, Ìjàpá fúyẹ́: ó fi díẹ̀ lé ní kìlógíráàmù 800, nígbà tí 504 ń lọ sí 1,200. Síbẹ̀, bí ẹ bá fi ìwọ̀n pín agbára, 504 ṣì ń ṣíwájú. Bíréèkì onídíìsì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ara kì í sì í ro ẹni tó jókòó lẹ́yìn bó bá wọ kòtò.

Àmọ́ mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ìjàpá kò mu omi, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù àti dáínámò pọ̀. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tó bá ní òun á kúkú délé kó tó dúró, ẹ́ńjìnnì ló ń sun. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ, asẹ́ lásán ló sì ń sẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 5,000. A sì tún máa ń tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe. 504 ní tirẹ̀, omi ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí omi bá gbẹ nínú rédíétọ̀, tọ́ọ̀pù sílíńdà tó jẹ́ alumíníọ̀mù á wọ́, gáàsíkẹ́ẹ̀tì á jó. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹni tó bá mọ ìtọ́jú mọ́tò rẹ̀ lọ̀nà máa ń dára fún. Nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ẹrẹ̀ àti òkúta ti ń fọ́ mọ́tò, Ìjàpá gba ipò kìíní ní 1962, 504 gbà á ní 1975. Ọdún 1975 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Páàtì wá pọ̀ lọ́jà, àwọn mẹkáníìkì sì mọ̀ wọ́n tinú-tẹ̀yìn. Nígbà tí Faransé ṣíwọ́ ṣíṣe 504 sàlúùnù ní 1983, Kàdúná kò tíì ṣíwọ́ nígbà náà. Ìjàpá tó kẹ́yìn jáde ní Mẹ́síkò ní 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ.

Nítorí náà, ẹni tó ń dá rìn nígboro, tápò rẹ̀ kò sì jìn, kó gba Ìjàpá. Ẹni tó ní ìdílé, tó ní ẹrù, tó sì ń rìnnà jíjìn, 504 ló yẹ ẹ́. Kí ẹ tó sanwó Ìjàpá, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan bẹ́líìtì, kí ẹ sì wo ilẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń kán. Bó bá jẹ́ 504, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀: bí ọ́ìlì bá léfòó lórí omi, ẹ fura sí gáàsíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ kò ní ráyè wo omi àti ọ́ìlì láràárọ̀, ẹ dá owó yín dúró. Mọ́tò tó bá sàn ju agbára ìtọ́jú yín lọ, gbèsè ni.