Ẹgbẹ́ Tíátà Kì í Ṣe Ohun Àdání

Àbúrò mi obìnrin ní Ajégúnlẹ̀, mo gbọ́ pé o fẹ́ dá ẹgbẹ́ tíátà sílẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í tètè sọ fún wa: ìbéèrè "ta ló ni ín?" ń tú ẹgbẹ́ ká ju àìlówó lọ.

Wo Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré tíátà Yorùbá. Ọdún 1945 ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn òṣèrébìnrin má baà máa fi í sílẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ wọn níyàwó. Ìyàwó àtọmọ ló wá di òpó ẹgbẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn kò ṣí fún àwa obìnrin. Orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì dúró lé. Lẹ́yìn tí Ògúndé kú lọ́dún 1990, ẹgbẹ́ náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Dípò ìyẹn, ètò alájẹṣẹ́kù ni kí o gbìyànjú, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ọjà Boundary ládùúgbò yín mọ̀ dáadáa. Kí gbogbo yín máa dá iye kan náà lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́, kí ó fi iṣẹ́ dípò rẹ̀: kí télọ̀ rán aṣọ eré, kí káfíńtà kan ìtàgé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó. Kí ẹ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan, ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé: èló ni ti òṣèré, èló ni ti òǹkọ̀wé, èló ló ń padà sápò ẹgbẹ́? Bí eré bá ti parí, ẹ ka owó lójú gbogbo yín. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe jẹ́ olùdarí kí o tún jẹ́ akápò.

Yorùbá, Ìjọ́, Urhobo àti Ìgbò ló ń gbé àdúgbò yín. Bí gbogbo wọn bá ní ìpín nínú ẹgbẹ́, kálukú á pe àwọn èèyàn rẹ̀ wá wòran.

Tíátà ńlá Ìgànmú tí wọ́n ṣí ní 1976 kò jìnnà sí yín, ṣùgbọ́n má fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàrígà, láàárín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, ni Ṣẹ́gun Adéfilà ti dá ẹgbẹ́ tíátà Crown Troupe sílẹ̀ ní 1996. Gbọ̀ngàn iléèwé tó fún ìwọ náà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ ṣeré, torí tírélà tó ń lọ sí Àpápá lè dí ọ̀nà, kí èèyàn má tètè délé lálẹ́.

Pe ẹni márùn-ún tí o fọkàn tán jọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ ìwé àdéhùn kí ẹ tó kọ eré.