Àlàbí, NIN Rẹ Kì Í Ṣe Ọjà Títà

Àlàbí, jókòó. Má fi ẹ̀rín bò ó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tẹ̀rín. Ṣé lóòótọ́ lo ya fọ́tò ìwé NIN rẹ, tí o fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan torí náírà díẹ̀? Háà, ọmọ Àbẹ̀kẹ́! Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹtí, ayé á fi kólẹ̀.

Ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti ojú rẹ ló wà nídìí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà oní-díjíìtì 11 yẹn. Òun lo fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Òun ni wọ́n á bèèrè bó o bá fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù tàbí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Bí gbájúẹ̀ bá fi gba síìmù, tó fi lu jìbìtì, ilẹ̀kùn ta ni ọlọ́pàá máa kàn? Òfin ààbò dátà jáde lọ́dún 2023 lóòótọ́, àmọ́ ó ṣòro kí òfin gba ohun tí o fọwọ́ ara rẹ gbé fólè.

Mo mọ̀ pé ètò náà ní wàhálà tiẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òfin tó dá NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, sílẹ̀ ti wà, síbẹ̀ nẹ́tíwọ̀kì ṣì ń dá èèyàn dúró lórí ìlà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ní kí síìmù tí wọn kò so mọ́ NIN má pe ẹnikẹ́ni mọ́, ó lé ní mílíọ̀nù 70 láìnì tí kò lè pè jáde. Ti ìyá àgbà rẹ wà níbẹ̀, torí wọn ò tíì ní NIN. Nígbà tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀, gààrí yíyan ti jẹ ìka wọn dán. Ọmọ ìdí kọ̀ǹpútà ń wí pé, “Màmá, ẹ tún un tẹ̀.” Ìyá fi etí ìró nu àtàǹpàkò, wọ́n tún un tẹ̀, ẹ̀rọ tún kọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, mi ò ní bẹnu àtẹ́ lu NIN. Bó bá fìdí múlẹ̀, ìyá alátẹ tí kò mọ ẹnikẹ́ni níjọba náà yóò lè fi hàn pé òun ni òun, láìbẹ alága kankan fún lẹ́tà. Ohun tó yẹ kó o máa ṣọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ọkọ mi, má fún àlejò ní nọ́ńbà rẹ mọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mú ìyá àgbà padà lọ síbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Kó o sì ka orúkọ wọn lójú kọ̀ǹpútà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.