Odídẹrẹ́ Ìwó Dà? Ẹ̀kọ́ Inú Igbó fún Àwa Ọ̀dọ́



Ìbéèrè ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí. Ta ni nínú yín tó ti rí odídẹrẹ́ tó ń fò lójú ọ̀run rí? A kò sọ ti inú kéèjì o, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ ti inú àwòrán. Èyí tó wà lórí igi, tí kò ní olówó kankan àfi Ọlọ́hun tó dá a, ni à ń béèrè.

A kì í ki Ìwó kí a má dárúkọ odídẹrẹ́. Nínú ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ nípa bí wọ́n ṣe tẹ ìlú yìí dó, ẹyẹ náà wà níbẹ̀. Ìkóóde, ìyẹ́ ìrù rẹ̀ tó pupa, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí adé àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi orúkọ odídẹrẹ́ yangàn ni kò mọ ohun tó ń jẹ, ibi tó ń yé sí, àti ìdí tó fi ń dín kù. Bí a kò bá mọ nǹkan, báwo ni a ó ṣe dáàbò bò ó?

1. KÍ LÓ KAN MÙSÙLÙMÍ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ IGBÓ?

Nínú Súúrà Al-An'am, àáyá 38, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn ẹranko orí ilẹ̀ àti àwọn ẹyẹ tó ń fi apá wọn fò jẹ́ ìjọ bí tiwa. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ìjọ ní ilé, ó ní oúnjẹ, ó ní àṣà, ó sì ní ọmọ tó ń tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìjọ kan yóò lọ bá wọn níbi tí wọ́n ń gbé. Ìwé kíkà dára, ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyí tí a fi ní láti jáde kúrò nínú kíláàsì nígbà mìíràn.

2. IBI TÍ WỌ́N TI Ń KỌ́ Ọ

Ní ọdún 1980, Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ láti dáàbò bo igbó àti ẹranko ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1990, Lekki Conservation Centre bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, lórí ilẹ̀ tó tó héktà 78. Lónìí, ilé àti títì ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní agbègbè Lẹ́kí, ṣùgbọ́n igbó inú ọgbà náà ṣì wà. Ẹni tó bá débẹ̀ yóò gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà. Yóò gbọ́ ohùn ọ̀bọ lórí igi. Bí ó bá rọra rìn, ó lè rí ọ̀nì tàbí awọ́nrínwọ́n. Ní ọdún 2015, wọ́n parí afárá kan tó gba òkè láàárín àwọn igi kọjá, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń kó ọmọ wá síbẹ̀. Àjọ yìí tún ń ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọ́jú igbó sílẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni igbó IITA ní Ìbàdàn, ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí héktà 1,000. Wọn kò ro gbogbo rẹ̀. Nǹkan bí héktà 350 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó. Ibi tó jẹ́ oko àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ ti wá di igbó dídí. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: bí a bá fi ilẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀, igbó a máa padà wá.

Ẹyẹ kan wà nínú igbó yẹn tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Malimbus ibadanensis. Ìbátan ẹ̀gà ni, ó dúdú, ó sì pupa lórí. John Elgood, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ fún aráyé ní ọdún 1958. Ní gbogbo ayé, apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Mélòó nínú wa tó ń ná ọjà Ìbàdàn ló ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí?

3. OHUN TÓ Ń ṢE ODÍDẸRẸ́

Ihò ara igi ńlá ni odídẹrẹ́ ń yé sí, kì í sì í sábà gbẹ́ ihò náà fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ èyí tí àkókó gbẹ́ sílẹ̀, tàbí ibi tí ẹ̀ka ti ṣẹ́ tó sì jẹrà. Nǹkan bí 30 ọjọ́ ni ìyá fi ń sàba lé ẹyin. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa, àwọn ọmọ á tún lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta nínú ihò kí wọ́n tó lè fò. Nítorí náà, bí a bá gé igi àràbà tàbí ìrókò kan tó ti gbó, kì í ṣe pákó nìkan ni a gé. Ilé tí ìran dé ìran ń gbé ni a wó.

Ọ̀tá rẹ̀ kejì ni òwò. Àwọn ọdẹ ẹyẹ ń fi àtè mú un, wọ́n sì ń kó ọmọ inú ihò. Láti nǹkan bí ọdún 1975, odídẹrẹ́ tí wọ́n mú nínú igbó Áfíríkà tí wọ́n sì tà sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù kan, láìka àwọn tó kú lọ́nà. Ní Gánà, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé láti ọdún 1992, nínú gbogbo 100 tó wà níbẹ̀, ó kéré tán 90 ti lọ. Nítorí èyí, ní ọdún 2016 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pinnu ní Johannesburg pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì dópin. Ọdún 2017 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

4. ÌYÁ ẸYẸ ÀTI ỌMỌ RẸ̀ MÉJÌ

Abu Dawud gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Mas'ud. Àwọn Sàhábé wà lórí ìrìn-àjò pẹ̀lú Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Nígbà tí Ànọ́bì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n rí ẹyẹ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í na apá rẹ̀ kiri. Nígbà tí Ànọ́bì dé, ó bi wọ́n pé ta ló kó ìbànújẹ́ bá ẹyẹ yìí nítorí ọmọ rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Ṣebí Abu Umayr, àbúrò Anas, ní ẹyẹ kékeré kan tó ń bá ṣeré, Ànọ́bì kò sì bá a wí?" Òtítọ́ ni. Bukhari àti Muslim gbà á wá, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì fi í ṣe ẹ̀rí pé ó tọ́ láti sin ẹyẹ bí a bá ń bọ́ ọ tí a kò sì fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan wé èkejì. Ẹyẹ ọmọdé kan nínú ilé yàtọ̀ sí òwò tó ń kó ìyá tòun tọmọ títí ìjọ kan yóò fi pa rẹ́ lórí ilẹ̀. Hádíìsì méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ọ̀kan ń kọ́ wa ní àánú sí ọmọdé, èkejì ń kọ́ wa ní àánú sí ìyá.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé odídẹrẹ́ wá fún ọ láti rà, má rà á, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé àánú rẹ̀ ló ṣe ọ́. Owó tí o bá san ni yóò fi padà lọ dẹ àtè fún òmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan ti wà nílé yín tipẹ́, má kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹyẹ tí kò mọ bí a ṣe ń wá oúnjẹ nínú igbó lè kú. Tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kí o sì wádìí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀.

5. OHUN TÍ Ẹ̀KA KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Ìgbà àkọ́rọ̀ òjò, ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ni ó dára jù. Nígbà náà ni ẹ̀sunsun ń jáde, tí lékeléke bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí apá Òkè Ọya, tí ẹ̀gà sì ń hun ilé sórí ọ̀pẹ. Ẹ wo akọ ẹ̀gà bó ti ń hunlé. Bí abo bá wá yẹ ilé náà wò tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ á tú u, á sì tún un hun. Ẹ̀yin arákùnrin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ kọ́gbọ́n!

(a) Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ sì gbéra lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nítorí òwúrọ̀ ni ẹyẹ ń ké jù. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti etí odò Ọbà, kó tó di pé ẹ lọ sí Ìbàdàn tàbí Lẹ́kí. Bí ẹ bá ń lọ sí ibi tó ní alákòóso, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé gba àyè.

(b) Ẹ mú àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin tó mọ ọ̀nà dání. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò, ẹ mú omi, kí ẹ sì fi àsìkò ìrun sínú ètò. Àwọn arábìnrin wa kì í ṣe òǹwòran. Kí àwọn náà ní ìwé àti gègé lọ́wọ́.

(d) Ẹ kọ ọjọ́, àsìkò, ibi tí ẹ wà, àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ má ṣe mú ẹyin, ọmọ ẹyẹ tàbí ìtẹ́ wálé.

(e) Ẹ bi àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ àgbà léèrè: ìgbà wo ni wọ́n rí odídẹrẹ́ lójú ọ̀run kẹ́yìn, àti níbo? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó kó ìmọ̀ náà lọ.

(ẹ) Ẹ gbin igi. Bukhari gbà á wá pé bí Mùsùlùmí bá gbin nǹkan tí ènìyàn, ẹranko tàbí ẹyẹ sì jẹ nínú rẹ̀, sàráà ló jẹ́ fún un. Odídẹrẹ́ fẹ́ràn èso ọ̀pẹ, igi ńlá ló sì ń gbé. Ìrókò tí a bá gbìn lónìí kò ní ní ihò lójú wa. Àwọn ọmọ ọmọ wa ni yóò rí ẹyẹ níbẹ̀, láádá rẹ̀ yóò sì máa tọ̀ wá wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ Ẹ̀KỌ́

1. Kí ló dé tí gígé igi kan tó ti gbó fi lè dínà ọmọ bíbí fún odídẹrẹ́?
2. Báwo ni ẹ ó ṣe dá ẹni tó fi ìtàn Abu Umayr gbe òwò odídẹrẹ́ lẹ́yìn lóhùn?
3. Kí ni igbó IITA kọ́ wa nípa ilẹ̀ tí a ti ro rí?
4. Igi wo ni ẹ̀ka yín yóò gbìn lọ́dún yìí, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí odídẹrẹ́ ku orúkọ nìkan ní Ìwó. Àmín.